Ọ̀fẹ́ Tí Kò Ṣeé Gbà

Ọkùnrin kan wà ní Tamale tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn obìnrin tó ń dá àjọ ní ọjà Aboabo. Òun náà ló ń kọ àròkọ yìí, ṣùgbọ́n ìtìjú ò jẹ́ kó lè sọ pé "èmi". Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà.

Ètò náà ń ṣírò owó tí kálukú dá, ó sì ń sọ ẹni tó kàn láti kó o. Ọ̀gá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé "Ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa lò ó", ó sì ń yan bí ẹni tó kọ́ mọ́ṣáláṣí fún àdúgbò.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Dagomba tó máa ń kọ àyọkà sínú Wikipedia èdè Dagbani, fẹ́ túmọ̀ ètò náà, àmọ́ kò fọwọ́ kàn án. "Ẹ̀gbọ́n, ìwé àṣẹ rẹ̀ dà?" Láti 2021 tí Wikipedia yẹn ti ṣí ni ìsàlẹ̀ ojú ìwé rẹ̀ ti ń sọ ohun tí èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ṣe. Òfin Ghana, Act 690 ti ọdún 2005, ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ tí oníṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ títí ayé rẹ̀, àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. "Ẹ máa lò ó" ò sọ bóyá èèyàn lè tún un ṣe, tàbí kó pín in.

Ó sì yẹ kí Yorùbá Tamale bíi Ọ̀gá mọ iyì ìwé àṣẹ. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọ̀pọ̀ oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìgbẹ́tì ló sì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ.

Dípò kí Ọ̀gá lo ìwé tí àwọn agbẹjọ́rò ti kọ, ó jókòó kọ tirẹ̀: "Ẹnikẹ́ni lè lo ètò yìí, àfi ẹni tó bá ń kó àjọ sá." Inú rẹ̀ dùn sí ìlà yẹn ju ètò gan-an lọ. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Douglas Crockford ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀, JSLint, pé rere ni kí wọ́n fi ṣe, kì í ṣe ibi. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé IBM kọ̀wé wá bẹ òun, òun sì fún wọn láyè kí wọ́n fi ṣe ibi. Free Software Foundation, tí Richard Stallman dá sílẹ̀ ní 1985, kì í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ òmìnira: ohun tó bá wu èèyàn ló gbọ́dọ̀ lè fi ètò ṣe. Àbí ta ni yóò dá ẹjọ́ ẹni tó kó àjọ sá, kọ̀ǹpútà?

Ọ̀gá wá gba ìwé àṣẹ GNU GPL, ẹ̀dà kẹta, tó jáde ní June 2007. Ìlò rẹ̀ ò le: kó odindi ìwé náà sínú fáìlì COPYING, kí o sì kọ ọdún, orúkọ rẹ àti gbólóhùn àṣẹ sókè fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá dà á kọ lóru. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá ò fọwọ́ kan àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọdún àti orúkọ. Ẹni tó ni ètò àjọ Aboabo ń jẹ́ "Orúkọ Oníṣẹ́".

Ó tún un ṣe. Ló bá tún hàn pé apá tó ń to ọjọ́ jẹ́ ti ẹlòmíì, tó gbà kí wọ́n lò ó lábẹ́ ẹ̀dà kejì GPL nìkan, bíi ti Linux. Ẹ̀dà kejì nìkan àti ẹ̀dà kẹta ò ṣeé pò pọ̀. Ọ̀gá yọ ọ́, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ òmíràn.

Kò pẹ́ tí ètò náà fi ní kí ìyá aláta kan kó àjọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá náà sì kó o. Ọ̀gá yọ fóònù, ó ń na ìka sí ibi tí GPL ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé ètò yìí ò ní ìdánilójú kankan, ọrùn ẹni tó bá lò ó ni wàhálà rẹ̀ wà. Ìyá kejì, tó kàn gan-an tí wọ́n fò dá, wò ó látòkè délẹ̀.

"Ọmọ mi, èmi ò mọ̀wé. Owó mi dà?"

Díẹ̀díẹ̀ ni Ọ̀gá ń san án. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti túmọ̀ ètò náà sí Dagbani, ó ti tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, orúkọ tirẹ̀ náà sì ti wà lókè fáìlì.