Dídán Tó Kó Mi sí Yọ́ọ́yọ́ọ́

Tí ìyá mi bá fẹ́ bú mi, ìkòkò kan tí mo fi kànrìnkànrìn ha títí tó fi lu ló máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Mi ò gbọ́n nínú rẹ̀. Ọwọ́ yẹn náà ni mo gbé wọ ilé iṣẹ́ kan n'Íkẹjà, níbi tí mo ti ń bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe.

Kọ̀mpírẹ́sọ̀ wa ní kúlà tó ń tu epo inú rẹ̀ lára: àgbá irin gbọọrọ, páìpù idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ 80 nínú rẹ̀. Omi ń gba inú páìpù, epo gbígbóná ń gba ẹ̀yìn wọn. Omi kànga-ẹ̀rọ la ń lò, ó sì máa ń sé bí ẹfun mọ́ páìpù, bó ṣe máa ń ṣe nínú kẹ́tùlù. Tó bá ti nípọn, ooru ò ráyè jáde mọ́, ẹ̀rọ á máa jẹ iná lásán.

Ọ̀gá fún mi lówó búrọ́ọ̀ṣì oníke. Mo dọ́jà, mo rí i pé onírin pọ́ọ́kú, mo ra onírin, mo fi ṣéńjì jẹ mọ́ínmọ́ín. Mo so ó mọ́ dirílì, ó di gìrìrì, gìrìrì! Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, inú páìpù ń kọ mànà bí òrùka ìyàwó tuntun. Mo pe gbogbo ènìyàn wá wòran. Mo rọ omi kún un, kò jò. Ọjọ́ Ẹtì ni, mo fi omi síbẹ̀, mo gba ilé lọ.

Kò pé oṣù mẹ́ta, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo bu epo kọ̀mpírẹ́sọ̀ sínú ife: ó funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀.

Bàbá wẹ́dà wa yọjú sí páìpù, ó yọjú sí mi.

“Ọmọ yìí, kí lo fi fọ̀ ọ́?”

“Búrọ́ọ̀ṣì ni, sà.”

“Irú búrọ́ọ̀ṣì wo?”

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan mọ́ínmọ́ín. Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ní àwọ̀ ilẹ̀ inú páìpù tí mo rò pé ìdọ̀tí ni, awọ ara idẹ ni. Òun ló ń gbà á lọ́wọ́ omi. Mo ti bó o láwọ, mo fi irin ya á lára, mo tún wá fi omi lé egbò lórí fún ọjọ́ méjì gbáko.

Páìpù 11 ló jò. Èdídí idẹ ni wọ́n fi ń dí i, méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi ni wọ́n sì ní kí n gbá gbogbo 22 wọlé. Bí mo ṣe gbé òòlù sókè fún èyí tó kẹ́yìn, Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Mọ́ínmọ́ín yẹn, ṣé ẹyin wà nínú ẹ̀?”