Ọba Méjì Nínú Àpò Agbádá

Àwọn baba wa tó ní ọba méjì kì í gbé ààfin kò rí irú agbádá tí àwọn ọmọ Ìwó Olódò Ọba ń wọ̀ bọ̀ láti òkè òkun lóde òní. Bí wọ́n bá rí i ni, tí wọ́n tọwọ́ bọ àpò rẹ̀, tí wọ́n bá pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà àti ti Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n gbé sùn ti ara wọn láìjà láìta, bí orogún tí ọkọ wọn kò sí nílé, wọn ì bá tún òwe náà pa.

Lọ́jọ́ tí Amẹ́ríkà sọ ọmọ wa di ọmọ onílẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó sì búra pé òun kọ gbogbo ọba, gbogbo alágbára àti gbogbo ìjọba ilẹ̀ òkèèrè tí òun ti ń sìn tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ta wá ni ọba tí ọmọ Ìwó ń sìn tẹ́lẹ̀, bí kò ṣe Olúwòó? Kò pẹ́, kò jìnnà, ọmọ yìí kan náà ti dé ààfin Ọba Abdulrasheed Adéwálé Àkànbí, tí àwọn fúnra wọn gbé Kánádà kí wọ́n tó gorí ìtẹ́ ní 2015, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń ké Kábíyèsí, ó ń tọrọ oyè. Ọba tó fi ẹnu kọ̀ ní Houston, àyà ló fi ń wọ́lẹ̀ fún nílé odídẹrẹ́.

Ẹni tó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ kò kọ ọba kankan ní tirẹ̀, ńṣe ni wọ́n bù kún un: ó búra pé òun yóò jẹ́ olóòótọ́ sí Ọba Charles Kẹta àti àrólé rẹ̀ gbogbo. Ọjọ́ tí ọba méjèèjì bá rán an níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni mo ń bẹ̀rù.

Òfin tiwa gan-an ló dùn jù. Abala 28 nínú ìwé òfin 1999 gbà kí ẹni tí a bí ní ọmọ Nàìjíríà gba ti ìlú mìíràn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tí a fi ìwé sọ di ọmọ wa, bí ó bá dán irú rẹ̀ wò, lójú ẹsẹ̀ ni tiwa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Abala 66 ní ẹni tó bá fínnúfíndọ̀ gba ti ìlú mìíràn kò yẹ nílé aṣòfin àpapọ̀, àfi pé ó ní abala 28 ga ju òun lọ, gbólóhùn yẹn sì ti fún àwọn lọ́yà lóúnjẹ jẹ. Bí ọkùnrin Ìwó bá fẹ́ òyìnbó, abala 26 ṣílẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ fún ìyàwó. Bí ọmọbìnrin Ìwó ló fẹ́ òyìnbó, ọkọ rẹ̀ yóò lọ bá àwọn àjèjì yòókù tò sí ẹ̀yìn abala 27 tó ń bèèrè ọdún 15, bí ẹni pé àna ọkùnrin kì í jẹ àmàlà.

Síbẹ̀, n kò bú àwọn alápò méjì. Àwọn Yorùbá tó kọ́lé, tó bímọ sí Gáná kò ní páálí kankan lápò nígbà tí ìjọba Busia, ní November 1969, fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ó fi kó ẹrù rẹ̀. Ọmọ tó gbọ́ ìtàn yẹn, tó wá di méjì mú, kò ya òmùgọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn ìjòyè fún kò ju pé, bí alápò méjì kan bá tún wá gba oyè, kí wọ́n gbé Àlùkùráánì tàbí irin fún un, kí òun náà búra pé òun kọ gbogbo ààrẹ òkè òkun sílẹ̀. Bí ó bá ní kí wọ́n dúró ná kí òun pe lọ́yà òun, kí wọ́n gba owó ìwúyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì wá oyè tí kò ní iṣẹ́ kankan nínú fún un.