Kọ̀ǹpútà Di Orò

Mo yà sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n wá wo yàrá kọ̀ǹpútà. Àgádágodo mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà: kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, ọ̀kan lọ́wọ́ igbákejì, ìkẹta lọ́wọ́ bọ́sà. Bọ́sà wà lóde òkú. La bá yọjú lójú fèrèsé. Ogún kọ̀ǹpútà jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ aṣọ funfun. Eruku orí aṣọ náà tó í gbin ilá sí.

Mo bi ọ̀gá àgbà pé ìgbà wo làwọn ọmọ máa ń lò wọ́n. Ó wò mí bí ìgbà tí mo ní kí wọ́n pe obìnrin wá wo orò. "Ọmọ kẹ̀? Bí wọ́n bá bà á jẹ́ ńkọ́?"

Ọjọ́ tí olóṣèlú kó wọn wá, a jó, a ya fọ́tò. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ni kò bá wọn wá. Àwọn oníná sì ń mú iná wá nígbà tó bá wù wọ́n, òru ló sì sábà máa ń wù wọ́n.

Àmọ́ ẹ̀kọ́ ń lọ o. Tíṣà kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ títí di sáà tó kọjá, ya gbogbo rẹ̀ sójú pátákó. Ó mọ àwòrán yà, n kò ní í purọ́. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya máòsì, ó fa ìrù fún un, ó ní, "Eku nìyí." Ọmọ kan nawọ́: "Sà, ẹmọ́ ni àbí èkúté ilé?" Pàṣán mẹ́ta ló fi gba èsì.

Láti ọdún 2015 ni JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì, ti pa bébà tì: ìbéèrè 180, wákàtí méjì, ojú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n kúkú mọ irú ọmọ tí à ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní ẹni tí kò bá mọ eku í dì mú lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe é: A, B, C, D fún ìdáhùn, N, kó lọ síwájú, P, kó padà sẹ́yìn, S, kó ní òun ti parí, R, bó bá rántí pé òun kò tíì parí.

Nígbà tó wá di ọdún 2025, kọ̀ǹpútà JAMB fúnra rẹ̀ ṣìnà. Ọmọ 379,997, ní Èkó àti ìhà gúúsù ìlà-oòrùn, ni wọ́n ní kó wá tún ìdánwò ṣe. Ọ̀gá JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olóyèdé, sunkún ní gbangba. Ọ̀gá àgbà tèmi rí ẹ̀rí mú dání: "Ẹni tó ni orò ló ń sunkún yẹn o. Ẹ wá ní kí n ṣílẹ̀kùn?"

Bí mo ti ń lọ, ọmọ tó jẹ pàṣán ọjọ́sí sáré tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, wọ́n ní ẹ yọjú lójú fèrèsé. Ẹ rí eku náà? Ṣé ó nírun?"