Ìwé Ìtàn Ìlú Tí Ìjàpá Kọ

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, ó dá lórí abúlé kan lábẹ́ àpáta nílẹ̀ Owé, tòsí Kàbà. Abúlé náà kéré débi pé bí o bá sín ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọn á kí ọ ní ìparí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọdún 1991, tí ọ̀rọ̀ oyè àti ilẹ̀ gbóná, àwọn ẹranko ní àfi kí àwọn náà ní ìwé ìtàn. Ìjàpá nìkan ló ní bíírò, òun ni wọ́n gbéṣẹ́ fún.

Ó dé ilé Ẹkùn. "Ẹ okun o, baba. Ta ló tẹ ibí dó?"

Ẹkùn ní bàbá ńlá òun ni, láti Ilé-Ifẹ̀, tòun tadé.

"Adé wọ́n lójú ìwé o, baba."

Ẹkùn sanwó. Ọ̀bọ náà ní Ifẹ̀ ni àwọn ti wá, adé tiwọn tilẹ̀ ní ìlẹ̀kẹ̀ lójú. Òkété ní abẹ́ ilẹ̀ ni bàbá òun gbà wá láti Ifẹ̀, ìdí rèé tí ẹnikẹ́ni ò fi rí i. (Ẹ má bi mí bóyá ó gbé adé wọ ihò.) Ìgbín nìkan ló ní òun ò mọ ibi tí àwọn ti wá, pé àwọn ṣì ń bọ̀. Ìjàpá ò kọ orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ ìkójáde ìwé pé. Wọ́n ta kánópì, wọ́n yan alága. Ìjàpá ti tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan, ó bá dá orin:

Lílé: Ta ló kọ́kọ́ dé o?
Ègbè: Bàbá mi ni!
Lílé: Ta ló gbádé bọ̀ o?
Ègbè: Bàbá mi ni!

Orin náà ń dùn, àfi bí Ìyá Àdán ṣe jáde nínú ihò àpáta.

"Ẹ̀yin ọmọ aládé, ẹ okun. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé ń ti Bídà wá, ihò mi ni gbogbo yín sá wọ̀. Owó ẹyọ ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì ń gba ọmọ ènìyàn pẹ̀lú. Ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kàbà ní oṣù Kìíní ọdún 1897, tí àwọn ará Núpé sá, lẹ tó yọjú. Èmi náà ní orin."

Lílé: Ta ló fọ̀nà han ẹṣin o?

Kò sí ègbè.

Lílé: Ta ló yan ọmọ tí wọ́n mú lọ?

Alága ń wo bàtà rẹ̀. Ẹkùn ń wo Ọ̀bọ, Ọ̀bọ ń wo Òkété, Òkété ń wá ihò.

Ìjàpá wú ikọ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwé kejì ń bọ̀ lọ́nà. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí orúkọ bàbá òun wà níbẹ̀, kó tò síbí."

Kí Yánníbo tó gbé àga jáde, ìlà ti gùn kọjá kánópì. Alága ló wà níwájú.