Bí Mo Ṣe Fi Ìpààrọ̀ Pa Àlùfáà Méjì

Wọ́n ní ẹni tí ó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n èmi kò dá jìn sí kòtò tèmi, nítorí mo wọ́ àlùfáà méjì dání. Kí ẹnikẹ́ni má sáré lọ pe ọlọ́pàá o. Inú eré ni wọ́n ti kú, eré tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons, èyí tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974, tí a máa ń jókòó yí tábìlì ká ṣe, tí oníkálukú á gbé ìwà akọni kan wọ̀, tí ẹnì kan á jẹ́ adájọ́ tí ń sọ ohun tí wọ́n pàdé nínú igbó àti ohun tí òfin wí, tí dáìsì olójú 20 á sì máa pinnu ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bà àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tàsé.

Ọmọ àbúrò mi tí ó ń kàwé ní Ìbàdàn ni ó gbé eré náà wá bá wa ní Ẹ̀rúnmú nígbà ìsinmi. Ó ní ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni ilé iṣẹ́ Wizards of the Coast tú ìpìlẹ̀ òfin rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tí ó bá wù máa dà á kọ lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi tí n kì í kọ ọ̀fẹ́ sì ní kí ó bá mi tẹ àwọn ojú ewé tí ó jẹ mọ́ oògùn jáde ní Ìwó Road. Nítorí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, tí ó sì jẹ́ pé babańlá mi jẹ́ adáhunṣe tí òkìkí rẹ̀ kàn láti Ẹ̀rúnmú dé Lálúpọn, gbogbo wọn gbà kí n jẹ́ adájọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀, nítorí mo rò nínú ara mi pé ẹni tí ó ti ń gbọ́ nípa àpèta, àsàsí àti ìpààrọ̀ láti ìgbà tí ó ti ń rá, kò yẹ kí ìwé kan tún máa kọ́ ọ bí oògùn ṣe ń kúrò lára ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn.

Ọdẹ inú eré náà ní oògùn kan tí ó ń jẹ́ Hunter's Mark. Bí ó bá fi sàmì sí ẹ̀dá kan tí kò jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 90 lọ, ìgbàkígbà tí ohun ìjà rẹ̀ bá ba ẹ̀dá náà, dáìsì olójú 6 kan yóò kún ọgbẹ́ rẹ̀. Ìwé sọ pé bí ìwọ̀n ẹ̀mí ẹni tí a sàmì sí bá di òdo, ọdẹ lè gbé àmì náà lọ sára ẹlòmíràn nígbà tí ó bá tún kàn án láti ṣeré, pẹ̀lú ìṣe kékeré kan tí a bù lé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́wà ti ń bu èènì. Èmi ka “lè gbé àmì náà lọ”, mo sì pa ìwé dé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà kan ni ó ń ṣe ọdẹ, Arítafà tí ń fi ojú wọn ẹran kí ó tó fa ọrun. Ó sàmì sí ìkookò, òmìrán sì yọ láti ẹ̀yìn igi.

“Bàbá, ṣé mo lè ṣí àmì yìí kúrò lára ìkookò, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmìrán?”

Ìkookò ọ̀hún ṣì ń gbó. Mo fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, mo ní, “Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ọmọ mi. Èpè kì í béèrè ọ̀nà.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ èmi fúnra mi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbà á láàyè kí ó tún fi oògùn mìíràn lé e, bẹ́ẹ̀ òfin sọ pé irú oògùn tí ń gba àfọkànsí báyìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni ènìyàn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan. Òmìrán tí mo ti pèsè pé yóò dá wọn láàmú títí di àṣálẹ́ dákẹ́ kí oòrùn tó yẹ àtàrí.

Ìyẹn kéré. Àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jọ ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n ń ṣe àlùfáà, wọ́n sì ní ìdè ààbò kan tí ó ń jẹ́ Warding Bond, tí a ń fi òrùka pílátínọ́mù méjì ṣe, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó owó wúrà 50. Ìdajì ọṣẹ́ ni yóò máa wọ ara ẹni tí a dáàbò bò; iye tí ó bá sì wọ̀ ọ́ lára, iye yẹn náà ni yóò wọ ara àlùfáà tí ó so ìdè. Bí kùmọ̀ bá ṣe ọṣẹ́ 12, ẹni ààbò jẹ 6, àlùfáà jẹ 6. Àjọpín ni. Ṣùgbọ́n ìpààrọ̀ ni etí tèmi mọ̀: mo dájọ́ pé gbogbo 12 yóò ṣí kúrò lára ẹni tí a lù, yóò sì lọ bá àlùfáà rẹ̀ nílé.

Àwọn ọmọ náà gbọ́n. Èkíní so ìdè fún èkejì, èkejì náà so ó fún èkíní. Ni òmìrán mìíràn, tí mo pè ní ẹ̀gbọ́n olóògbé, bá fi kùmọ̀ kan ba èkíní. Ọṣẹ́ 12 dìde lára rẹ̀, ó lọ sára èkejì; ṣùgbọ́n èkíní ni àlùfáà èkejì, nítorí náà ó tún padà. Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, gbogbo wọn sì ń wo ẹnu mi. Dípò kí n sọ pé ọ̀rọ̀ yìí pin sí mi lẹ́nu, mo kéde pé ara tí ọṣẹ́ bá gbà kọjá gbọ́dọ̀ san owó ibodè, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀mí wọn ní méjì-méjì títí àwọn méjèèjì fi ṣubú. Ẹ̀gbọ́n olóògbé, tí kò lu ènìyàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, dúró gbagidi láàárín òkú méjì.

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́,” ni ọ̀kan nínú àwọn aránṣọ wí, “ẹ bá wa ka ìyókù.”

Ìyókù kò sí. Ojú ewé tí ó tẹ̀ lé e ni èmi fúnra mi fi di ẹ̀pà yíyan lánàá. Ọmọ àbúrò mi wá a rí lórí fóònù, ó sì kà á sókè: bí àwọn méjèèjì bá jìnnà síra ju ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ, ìdè tú, bí ẹ̀mí àlùfáà bá di òdo, ìdè tú, bí ẹnikẹ́ni bá sì tún ṣe oògùn náà sí ara ọ̀kan nínú àwọn tí a ti so pọ̀, ìdè ti tẹ́lẹ̀ tú. Ìdè kejì ìbá ti tú ìdè èkíní, kùmọ̀ kan kì bá sì pa ẹnikẹ́ni.

Mo wúkọ́. Mo ní bí babańlá mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

“Ẹ má bínú, Bàbá,” ni ọmọ náà wí, ó sì fi orúnkún kan ilẹ̀ kí ó tó sọ ọ́, “babańlá yín kọ́ ni ó kọ ìwé yìí.”

Wọ́n jí àwọn àlùfáà dìde, wọ́n sì gba ìdájọ́ lọ́wọ́ mi. Aránṣọ ni adájọ́ nísinsìnyí, èmi sì di ọdẹ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde, mo sàmì sí ìkookò kan, ọlọ́kadà fi ọ̀kọ̀ pa á mọ́ mi lójú, mo sì fò dìde pé mo ti gbé àmì mi sára èyí tí ó ń sá lọ.

“Ẹ jókòó, Bàbá. Kò tíì kàn yín.”

Nígbà tí ó fi máa kàn mí, ó ní ẹranko náà ti kọjá ẹsẹ̀ bàtà 90. Mo ní kí wọ́n gbé okùn wá, kí a wọ̀n ọ́n.