Onígbàjámọ̀ Tí Kì Í Rí Ìparí Fíìmù

Ẹni tó bá fẹ́ gẹrun lọ́dọ̀ Bọ̀dá Sinimá, kó kọ́kọ́ wo tẹlifíṣọ̀n tó wà lókè dígí. Bí wọ́n bá ń jà níbẹ̀, kó padà wá lọ́la, torí etí kì í hù lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń sunkún, kó jókòó.

Kò sí àdúgbò láti Kétu dé Mile 12 tí kò ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n tiwa ta yọ. Bí ewúrẹ́ ọjà ni, kò sí fíìmù tí kì í jẹ. Bi í léèrè èyí tó fẹ́ràn jù, á pa kílípà, á na ìka márùn-ún.

Àkọ́kọ́ ni Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999. "Ìlù yẹn ló pa ọba burúkú náà!" Ọba kọ́ o. Ọ̀gágun tó fi ìbọn gba adé ni ìlù pa. Ṣùgbọ́n ibi tí Kọlá Oyèwọ̀ ti ń jẹ gàba lórí ìtẹ́ ni NEPA mú iná lọ.

Ìkejì ni Sholay ti Íńdíà, ọdún 1975. Lẹ́nu tirẹ̀, Amitabh Bachchan fẹ́ opó náà, wọ́n sì bí ìbejì. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ni fídíò ọ̀gá rẹ̀ jẹ kásẹ́ẹ̀tì, kí ọta ìbọn tó dé.

Ìkẹta ni Titanic. Jack lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté, torí epo jẹnẹrétọ̀ tán nígbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orókùn. Ìkẹrin ni Enter the Dragon. Ìyẹn nìkan ló wò tán, ló bá wá ibòmíràn tí yóò ti yí ìparí padà: ó ní Bruce Lee wà láàyè, ó ń dáko ní abúlé kan. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ti kú kí fíìmù ọ̀hún tó jáde ní 1973.

Ìkarùn-ún ni Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyàn, 2022. Orí fóònù ló ti wò ó. Dátà tán níbi tí Sàró ahunṣọ ti ń kó ìyàwó jọ. Títí dòní, Sàró ṣì ń jayé ní Kétu.

Ọmọ yunifásítì kan ní, "Bọ̀dá, Jack kú o."

"Ìwọ rí i tó kú, èmi rí i tó yè. Ta ló ríran jù nínú wa?"

Lọ́jọ́ Sátidé kan, iná kò lọ. Epo wà, dátà wà. Fíìmù kù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó parí, gbogbo wa mú èémí dání. Bọ̀dá Sinimá wò yí ká bí ẹni tí wọ́n ká mọ́, ó dìde, ó fa wáyà yọ. "Ó tó. Àwọn wọ̀nyí ò mọ ìparí ṣe."

Wáyà kan náà ló gbé kílípà. Apá ọ̀tún orí mi nìkan ni wọ́n ti gẹ̀. Ó na ọwọ́ gba owó, ó ní òun rí i bí yóò ṣe rí, pé ó rẹwà.

Mo dé fìlà, mo gba ọ̀nà ọjà. Ní Mile 12, nínú oòrùn ọ̀sán, mo pàdé ọkùnrin mẹ́rin tó dé fìlà bò dé etí. A mirí síra wa. Kò sẹ́ni tó ṣí tirẹ̀.