Ọkọ̀ Sùn Síta, Àkísà Sùn Sílé

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn tó pa òwe yìí kò fi gáréèjì sọ́kàn. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ọjọ́ orí kò sí lọ́jà: ọmọdé lè da sányán bora lónìí, kó dé fìlà, kó gun ẹṣin, ṣùgbọ́n ohun tó ti gbó mọ́ àgbà lára, kò sí bó ṣe lè rí i kó jọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Òwe ọlọ́gbọ́n ni, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àfi bí àwọn àgbà ìsinsìnyí ṣe gbọ́ ọ tí wọ́n sọ ọ́ di àṣẹ. Wọ́n ní bó bá jẹ́ àkísà la fi ń mọ àgbà, ẹ jẹ́ ká kúkú ní in dáadáa. Wọ́n kọ́lé fún un, wọ́n fi irin ṣe ilẹ̀kùn, wọ́n fi àgádágodo tì í, kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lápò bàbá.

Ẹ rìn gba Bódìjà kọjá n'Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò, àdúgbò tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn là sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí owó rẹ̀ tó ra ilẹ̀ ló wà níta gbangba, tí òjò ń pa, tí ẹyẹ orí máńgòrò ń yàgbẹ́ lé lórí. Olówó rẹ̀ ti fi tapólì bò ó, ó so ó mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yìí gan-an ni ilé tí wọ́n kọ́ fún un wà, tó ní òrùlé, tó ní ògiri, tó gbẹ táútáú. Ta ló ń gbénú rẹ̀?

Jẹnẹrétọ̀ kékeré mẹ́ta ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà, irú èyí tí aráyé ń pè ní “I better pass my neighbour”. Ọ̀kan kò ní plọ́ọ̀gì, ọ̀kan kò ní kábúrétọ̀, ìkẹta kò ní nǹkan kan mọ́, torí wọ́n ti tú u palẹ̀ láti fi wo àwọn méjì yòókù sàn, àwọn méjì náà kò sì sàn. Lẹ́yìn wọn ni tẹlifíṣọ̀n abuké kan, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì fídíò ìgbéyàwó tí kò sí ẹ̀rọ tó lè fi í hàn mọ́ ládùúgbò. Àpò sìmẹ́ńtì méjì tó ti di òkúta. Agolo ọ̀dà tó gan pa. Táìsì mẹ́fà tí wọ́n tọ́jú nítorí bí ọ̀kan bá fọ́ nílé ìwẹ̀. Ilé ìwẹ̀ ọ̀hún, wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo táìsì rẹ̀ látìgbà náà. Àpótí irin tí àkọ́bí gbé lọ sílé ẹ̀kọ́ girama wà níbẹ̀, àkọ́bí fúnra rẹ̀ ti ń tọ́ ọmọ tirẹ̀ ní Kánádà. Báàgì Ghana-Must-Go mẹ́rin ń bẹ lókè àjà. Láti 1983 tí ìjọba Ṣàgàrí ti lé àwọn ará Gánà lọ ni báàgì yìí ti ń jẹ́ orúkọ náà. Àwọn ará Gánà lọ, wọ́n tún padà wá, báàgì kò gbéra.

Ká má tíì dárúkọ ẹ̀bùn òde àríyá. Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ẹ̀ka yìí, àwa la ni ín. Kúlà, agbòòrùn, báfù, garawa, abọ́ oníke tí wọ́n kọ àdúrà sí lára, gbogbo rẹ̀ ló ní àwòrán olóògbé tàbí ti ìyàwó tuntun. A kò lè lò ó, torí a ti ní ogún irú rẹ̀. A kò lè sọ ọ́ nù, torí ìyá olóyè kan ló ń wò wá lára rẹ̀ báyìí, tó wé gèlè, tó ń rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò gbé ìyá olóyè dà sí ààtàn? Mo mọ ìgbéyàwó kan tó ti tú ká tipẹ́, ọkọ ti fẹ́ ẹlòmíràn, ìyàwó náà ti fẹ́ ẹlòmíràn, garawa wọn ṣì ń bẹ nínú gáréèjì àwọn tó wọ aṣọ ẹbí lọ́jọ́ náà, orúkọ àwọn méjèèjì wà lára rẹ̀ gàdàgbà-gadagba.

Bí ẹ bá bi bàbá pé kí ló fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe, ìdáhùn kan ló ní: “Ó máa wúlò lọ́jọ́ kan.” Ibi tí bàbá ti ṣi òwe gbọ́ nìyẹn. Àkísà àgbà àtijọ́, aṣọ ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sóde, wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sóko, wọ́n fi pọn ọmọ. Nígbà tó gbó, wọ́n fi ká òṣùká, wọ́n ya á láti fi di ojú egbò, èyí tó kù wọ́n lọ́ ọ ní òwú fìtílà títí iná fi jẹ ẹ́ tán. Kí wọ́n tó pe nǹkan ní àkísà, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà sì mọ tirẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ó lè sọ ọdún tó rà á, ó lè sọ igi tó fà á ya. Èwo ló jọ bẹ́ẹ̀ nínú gáréèjì? Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ èso, tí wọ́n lò fún àlejò lẹ́ẹ̀kan. Kẹ̀kẹ́ ìdárayá tí ẹnikẹ́ni kò gùn, aṣọ ni wọ́n ń sá sí i kó tó di èrò gáréèjì. Àwọn ẹrù yìí kò gbó, wọ́n kàn kú. Bàbá kò tilẹ̀ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá ń wá òòlù, yóò túlé títí, kò ní í rí i, yóò lọ ra òmíràn, yóò kan ìṣó kan, yóò sì jù ú síbẹ̀ kó lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Yorùbá nìkan ni. Láàárín 2001 sí 2005, àwọn onímọ̀ kan láti yunifásítì UCLA, tí awalẹ̀pìtàn wà lára wọn, wọ ilé ìdílé 32 ní Los Angeles, tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì lọ́mọ. Wọ́n ya àwòrán, wọ́n ka ẹrù. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2012 sọ pé nínú gáréèjì mẹ́rin, mẹ́ta ni ọkọ̀ kò rí àyè wọ̀. Los Angeles o, ìlú tí aláìlọ́kọ̀ kò ti lè lọ ra búrẹ́dì!

Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí “ó máa wúlò lọ́jọ́ kan” ń gbé ènìyàn dé, kó ka ìtàn Homer àti Langley Collyer, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó gbé ní Harlem ní New York. Ọmọ dókítà ni wọ́n, wọ́n sì kàwé. Ojú Homer fọ́. Langley àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ pamọ́ fún un, ó ní bí ojú rẹ̀ bá là, yóò lè ka gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìfẹ́ ni? Gáréèjì wo ni kò fi ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ìwé ìròyìn ga kan àjà. Dùùrù 14 wọlé. Férémù ọkọ̀ Ford Model T wọlé, kì í ṣe gáréèjì, inú ilé gan-an. Langley ń gba ihò láàárín ẹrù kọjá bí òkété, ó sì dẹ páńpẹ́ síbẹ̀ nítorí olè. Ní oṣù kẹta 1947 àwọn ọlọ́pàá wọlé, wọ́n bá òkú Homer. Wọ́n wá Langley kiri títí dé ìlú mìíràn. Nínú oṣù kẹrin ni wọ́n tó rí i, kò jìnnà ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá síbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú sí. Páńpẹ́ tó dẹ fún olè ló ya lù ú. Ẹrù tí wọ́n kó jáde nílé náà ju 100 tọ́ọ̀nù lọ, èyí tó ṣeé tà níbẹ̀ kò sì mú tó 2,000 dọ́là wọlé.

Láti ìgbà náà, oníwàásù ìmọ́tótó ti pọ̀ láyé. Èyí tó lókìkí jù ni Marie Kondo, ọmọ Japan, tí ìwé rẹ̀ jáde níbẹ̀ ní 2011, tí Netflix sì ṣe ètò fún ní 2019. Ó ní ká máa gbé ẹrù sọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ká bi ara wa bóyá ó ń fún wa láyọ̀. Èyí tí kò bá fún wa láyọ̀, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ká sì jẹ́ kó máa lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin náà, ṣùgbọ́n kò tíì pàdé bàbá wa. Ta ló sọ fún un pé ayọ̀ la fi ń tọ́jú ẹrù? Gbé jẹnẹrétọ̀ òkú lé bàbá lọ́wọ́, kí o béèrè bóyá ó ń dùn mọ́ wọn. “Ayọ̀ bíi ti báwo? Kọ́pà wà nínú ẹ̀.” Ní 2023 Kondo fúnra rẹ̀ jẹ́ kí aráyé mọ̀ pé láti ìgbà tí òun ti bí ọmọ kẹta, òun ti dẹwọ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé títò. Ọmọ mẹ́ta péré! Bàbá wa bí mẹ́fà.

Àwọn ọmọ tó ń wo irú ètò bẹ́ẹ̀ ló wá dá kún ọ̀rọ̀. Wọ́n dé láti Èkó ní Sátidé, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá Dádì tún gáréèjì ṣe. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe? Wọ́n lọ sọ́jà. Ilé kún, wọ́n lọ rajà kún un: ike onídérí tó mọ́ gaara, pẹpẹ irin, ẹ̀rọ tó ń tẹ orúkọ sára ike. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, sìmẹ́ńtì òkúta ti gun pẹpẹ, wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ọn lára pé SÌMẸ́ŃTÌ. Òkìtì mẹ́ta ni wọ́n pín ìyókù sí: èyí tá a máa mú, èyí tá a máa fi tọrẹ, èyí tá a máa sọ nù. Bàbá gbé àga, wọ́n jókòó ti òkìtì kẹta.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká da rédíò yìí nù.”

“Rédíò tí mo fi gbọ́ pé wọ́n ti fagi lé ìbò June 12?”

“Dádì, kò sọ̀rọ̀ mọ́.”

“Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà ló pa á lẹ́nu mọ́.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, òkìtì kẹta ti tán. Àga tí bàbá jókòó lé, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti yọ ọ́.

Òkìtì ìtọrẹ nìkan ló ń rìn, ọ̀nà abúlé ló sì ń gbà. Fíríìjì tí kò tutù mọ́ n'Ìbàdàn, wọ́n ní yóò wúlò fún Màmá nílé. Ẹnikẹ́ni kì í bi Màmá bóyá wọ́n fẹ́. Màmá gbà á, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n kó àgbàdo sínú fíríìjì kí eku má bàa rí i jẹ. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti dárúkọ, Màmá yìí nìkan ló ní àkísà tí òwe ń wí.

Ẹ má tíì bú ará Ìbàdàn, ẹni tó ń ṣe é sí òun náà wà lókè òkun. Àwọn ẹbí wa ní Peckham àti Houston, tí gáréèjì tiwọn ti kún, ń di ẹrù sínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ wá sílé. Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel fún Áfíríkà, tó wà n'Ìbàdàn níbí, ṣe ìwádìí ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016. Wọ́n rí i pé bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ iná àlòkù ló ń wọlé lọ́dún, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n kì sínú ọkọ̀ àlòkù. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: ọkọ̀ la òkun kọjá, ó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n tú ẹrù inú rẹ̀ sí gáréèjì, ẹrù gba gáréèjì, ọkọ̀ tó gbé e wá sùn síta.

N kò ní fi iná tàbí àìsàn dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mo kàn mọ̀ pé jẹ́ríkánì epo bẹtiróò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà àti páálí nínú gáréèjì púpọ̀, pé eku fẹ́ràn páálí, àti pé ará Ọ̀wọ̀ lè sọ fún yín ohun tí eku ń gbé wọlé bí ibà Lassa bá dé.

Àbíkẹ́yìn ilé wa mọ kọ̀ǹpútà. Ó ti kà á pé inú gáréèjì ní Palo Alto ni Hewlett àti Packard ti bẹ̀rẹ̀ ní 1939, pé Google náà lo gáréèjì ní Menlo Park ní 1998. Ó tọ bàbá lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n yọ̀ǹda ìdajì fún òun. Bàbá rò ó títí. Wọ́n fún un ní àyè tí àpótí ìjókòó kan gbà, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ó ku ẹnì kan tó lè gbà wá. Ó ń gba òpópónà kọjá láràárọ̀, ó ń ti ọmọlanke, ó ń ké pé, “Irin kọ̀ndẹ́mù! Jẹnẹrétọ̀ kọ̀ndẹ́mù! Fíríìjì kọ̀ndẹ́mù!” Ìyá ilé ló pè é wọlé nígbà tí bàbá ń sùn lọ́sàn-án, àmọ́ oorun bàbá kò wọra tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá ọkùnrin náà níbi tó ti ń gbé jẹnẹrétọ̀ wò bó ṣe wúwo tó. Ó dárúkọ owó. Inú bí bàbá.

“Ṣé o mọ iye tí mo rà á ni?”

“Alhájì, ó ti kú.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé ó kú? Ó ń sinmi ni.”

“Bàbá Fọlá,” ìyá ilé ní, “ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó gbé e lọ.”

Bàbá kò dáhùn. Ojú wọn ti bọ́ sínú ọmọlanke. Fáànù kan wà níbẹ̀, kò ní abẹ́, kò ní wáyà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró dáadáa. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n mì í wò.

“Eléyìí ńkọ́?” wọ́n ní. “Èló lo fẹ́ gbà?”